‘Prefer’: Ọ̀rọ̀ Tó Ń Gbé Ohun Kan Ṣáájú Èkejì

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí tí ẹ jókòó lẹ́yìn, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ káalẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá fún yín. Lẹ́tà mẹ́fà péré ni. Mo ti fi í kọ́ àwọn ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ọmọ kan ló sì mú kí n wá a lọ.

SS2 ni ọmọ náà wà nígbà yẹn. Ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ ni ‘I prefer rice than beans.’ Mo fi báírò pupa fa igi lé ‘than’, mo kọ ‘to’ sórí rẹ̀, mo dá ìwé padà fún un. Nígbà tí kíláàsì tú, ó gbé ìwé náà wá bá mi. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí mo bá fẹ́ sọ pé mo fẹ́ràn ìrẹsì ju ẹ̀wà lọ, ṣé ‘ju’ kọ́ ni ‘than’? Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ‘taller than’ ni ‘ga ju’.” Mo dá a lóhùn pé bí àwọn Òyìnbó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, kó lọ há a sórí. Ó ní, “Ó dáa, sà.” Ó padà sí àyè rẹ̀, ó sì há a sórí lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ yẹn tọ́, ó sì jinlẹ̀. Kì í ṣe olódo ló ń bi mí. Ọmọ tó mọ Yorùbá rẹ̀ dáadáa ni, tó ń gbìyànjú láti fi èyí tó mọ̀ ṣí ilẹ̀kùn èyí tí kò mọ̀. Èmi ni n kò fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ohun tó yẹ kí n sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ ní alẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Nínú èdè wa, bí a bá fẹ́ fi ohun méjì wéra, ọ̀rọ̀-ìṣe là ń lò. ‘Adé ga ju Ayọ̀ lọ.’ Ẹ fetí sí i. Gíga Adé ń rìn nínú gbólóhùn yẹn. Ó rìn dé ibi tí gíga Ayọ̀ dúró sí, ó kọjá rẹ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. ‘Ju’ ni ìkọjá náà, ‘lọ’ ni ìrìn tí kò dúró, bí ẹni tó ń sáré tó ya ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Tí a bá wá sọ pé ‘Mo fẹ́ràn ìrẹsì ju ẹ̀wà lọ’, ohun tí à ń sọ ni pé ìfẹ́ tí mo ní sí ìrẹsì pọ̀, ó kọjá èyí tí mo ní sí ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni. A gbé ìfẹ́ méjì sórí òṣùwọ̀n, a sì rí èyí tó wúwo.

Gẹ̀ẹ́sì náà lè sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́: ‘I like rice more than beans.’ ‘Than’ tọ́ níbẹ̀, ‘more’ náà tọ́. Ìdí ni pé ‘like’ kò mọ ohun méjì. Ìrẹsì nìkan ló mọ̀. A ní láti fi ‘more’ àti ‘than’ ràn án lọ́wọ́ kó tó lè yíjú sí ẹ̀wà. Bí ọmọ SS2 yẹn bá ti kọ ‘like’ ni, Yorùbá orí rẹ̀ kì bá ti tàn án jẹ.

‘Prefer’ ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá ti la ẹnu pè é, ohun méjì ti wà nílẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀kan la dárúkọ. Bí àlejò bá wọlé tó ní ‘I prefer the small chair’, ẹni tó gbọ́ ọ ti mọ̀ pé ó ti rí àga ńlá, ó sì ti kọ̀ ọ́. Ìfiwéra ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà láti ilé. Ìdí tí kò fi gba ‘more’ nìyẹn. Ẹni tó bá ní ‘I prefer it more’ ti ki iyọ̀ bọ ọbẹ̀ tó ti níyọ̀ tẹ́lẹ̀. ‘More preferable’ náà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kàwé dáadáa ń sọ ọ́. ‘Preferable’ fúnra rẹ̀ ti tó.

Báwo ni ìfiwéra ṣe wọ inú rẹ̀? Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù nìyí.

Èdè Látìnì, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ló ti wá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan tó ń jẹ́ ‘ferre’, ìtumọ̀ rẹ̀ ni láti gbé nǹkan tàbí láti rù ú. ‘Prae’ ni wọ́n ń pe iwájú. Wọ́n so méjèèjì pọ̀, ó di ‘praeferre’, láti gbé nǹkan síwájú. Faransé jogún rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Norman tó ń sọ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ England ní 1066, èdè wọn di èdè ààfin àti ti kóòtù níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ wọn sì ń wọ inú Gẹ̀ẹ́sì bí omi ṣe ń wọ ilẹ̀. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, ‘prefer’ ti wà lẹ́nu àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ ‘ferre’ pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ mọ̀ wọ́n. ‘Transfer’ ni kí a gbé nǹkan kọjá sí ibòmíràn. Olùkọ́ tí wọ́n gbé láti Ìbàdàn lọ sí Ṣakí láàárín ọdún mọ ohun tí mo ń sọ. ‘Refer’ ni kí a gbé ọ̀rọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù wá lọ, bí ìgbà tí dókítà bá kọ ìwé fún aláìsàn pé kó lọ rí dókítà àgbà. ‘Offer’ ni kí a gbé nǹkan wá síwájú ẹni. Gbogbo wọn ló ń ru ẹrù. Ẹ̀yin ọmọ, tí ẹ bá rí ‘fer’ ní ìdí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ló ń gbé, ibo ló sì ń gbé e lọ.

Nítorí náà, ìfẹ́ kọ́ ló wà nínú ‘prefer’ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ipò ló wà níbẹ̀: ta ló wà níwájú, ta ló wà lẹ́yìn. ‘Ju’ tiwa ń wọn nǹkan. ‘Prefer’ ń tò wọ́n.

Nígbà tí mo rí èyí, Bíbélì wa ló wá sí mi lọ́kàn. Ní Róòmù 12:10, Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 kọ ọ́ pé ‘in honour preferring one another’. Mo ti ka ẹsẹ yẹn láti kékeré, mo sì ń rò pé ìfẹ́ ló ń sọ. Ìfẹ́ ti wà ní apá àkọ́kọ́ ẹsẹ náà. Ẹ wá wo Bíbélì Yorùbá tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884: ‘ní ti ọlá, ẹ máa fi ẹnìkejì yín ṣáájú.’ Ẹ gbọ́ ọ, fi ṣáájú! Gbígbé síwájú gan-an nìyẹn. Mi ò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń wò kọ. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tó ṣe olórí nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà, kọ́ Gíríìkì, ó sì kọ́ Látìnì. Ohun tí mo ń sọ ni pé Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tó bá ‘prefer’ mu láti egungun wá, ó sì ti wà lórí àga ṣọ́ọ̀ṣì níwájú wa láti ọjọ́ yìí. Nínú Sáàmù 137, níbi tí àwọn ìgbèkùn ti ń sunkún lẹ́bàá odò Bábílónì, ó tún yọjú. Gẹ̀ẹ́sì ní ‘if I prefer not Jerusalem above my chief joy’. Yorùbá ní ‘bí èmi kò bá fi Jerúsálẹ́mù ṣáájú olórí ayọ̀ mi gbogbo’.

‘Fi ṣáájú’ ni mo fi ń kọ́ wọn báyìí. Tí ọmọ bá fẹ́ lo ‘prefer’, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ gbàgbé ‘fẹ́ràn ju lọ’, kó ronú pé òun ń fi ohun kan ṣáájú òmíràn. Ẹni tó bá fi ìrẹsì ṣáájú ẹ̀wà kò ní máa wá ‘than’ kiri.

‘To’ wá ńkọ́? Látìnì ló fi í sílẹ̀ fún wa. Nínú Látìnì, ohun tí a gbé nǹkan síwájú rẹ̀ máa ń yí ìparí orúkọ rẹ̀ padà, irú ìyípadà tí Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ‘to’ tàbí ‘for’ hàn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ Gẹ̀ẹ́sì, ‘to’ wá dúró sí ipò yẹn. Kì í sì í ṣe ‘prefer’ nìkan. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí Látìnì ti fi ìfiwéra sínú wọn, tí gbogbo wọn ń gba ‘to’: ‘senior’, ‘junior’, ‘superior’, ‘inferior’, ‘prior’. Àwa Yorùbá tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jẹ wá lógún, ‘senior’ kì í jìnnà sí wa lẹ́nu, a sì máa ń sọ pé ‘He is senior than me’. ‘Ju’ kan náà ló tún fà wá lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. ‘He is senior to me’ ni. Ẹni tó bá ti mọ ìdí ọ̀kan ti mọ ìdí gbogbo wọn.

Ìtumọ̀ àtijọ́ yẹn kò sì tíì kú. Ẹ ṣí ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì èyíkéyìí ní Nàìjíríà, ẹ ó rí i pé àwọn ọlọ́pàá ‘preferred a three-count charge’ sí ẹnì kan lọ́rùn. Ọmọ kan bi mí nígbà kan bóyá àwọn ọlọ́pàá fẹ́ràn ẹ̀sùn náà ni. Rárá o. Wọ́n gbé ẹ̀sùn mẹ́ta síwájú adájọ́ ni. Ìtumọ̀ tí àwọn ará Róòmù mọ̀ ló ṣì wà nínú kóòtù wa títí dòní. Ní ṣọ́ọ̀ṣì England, bí wọ́n bá gbé àlùfáà sí ipò tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ‘preferment’ ni wọ́n ń pè é. Nínú okòwò, àwọn tó ní ‘preference shares’ ló máa ń kọ́kọ́ gba èrè tiwọn kó tó kan àwọn onípìn-ín yòókù, kì í ṣe torí pé ilé-iṣẹ́ fẹ́ràn ojú wọn. Ní Ọsirélíà láti 1918, ẹni tó ń dìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ máa ń kọ nọ́ńbà síwájú orúkọ àwọn olùdíje, 1 fún ẹni tó fi ṣáájú, 2 fún ẹni tó tẹ̀lé e, ‘preference’ sì ni wọ́n ń pe nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Níbi gbogbo, títò ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí pátákó ìkọ̀wé. Tí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ méjì là ń tò, kò le: ‘She prefers Lagos to Abuja.’ Tí ó bá jẹ́ ìṣe méjì, a lè sọ àwọn méjèèjì di orúkọ pẹ̀lú ‘-ing’: ‘I prefer walking to riding.’ Ẹ ṣọ́ra níbí, torí àwọn ọmọ máa ń rí ‘to’ tí wọ́n á sì fẹ́ fi ‘ride’ lásán tẹ̀lé e. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí ni ìgbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘I prefer to walk’. ‘To’ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. A ò lè tún sọ pé ‘to to ride’, ẹnu kò gbà á. ‘Rather than’ ló ń wá gbà wá sílẹ̀: ‘I prefer to walk rather than ride.’

‘Rather than’ yìí, ọmọ ìyá ‘kàkà’ tiwa ni. Àwọn àgbà ní, kàkà kí kìnnìún ṣe akápò ẹkùn, olúkúlùkù yóò ṣe ọdẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ bá mi sọ ti kìnnìún yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì: ‘The lion prefers to hunt alone rather than carry the leopard’s bag.’ Ó wọ̀ ọ́ bí ìbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun kan tó ṣẹlẹ̀. Yorùbá kọ́kọ́ dárúkọ ohun tí kìnnìún kọ̀, ó wá fi ohun tó gbà parí rẹ̀, bí ẹni tó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn kan kó tó ṣí òmíràn. Gẹ̀ẹ́sì yí i padà. Ohun tí ọkàn gbé síwájú ni ẹnu náà gbé síwájú. Pẹ̀lú ‘prefer’ àti ‘to’, kò sí àyè láti ṣe é bí ti ‘kàkà’ rárá. Ọmọ tó bá ń túmọ̀ láti Yorùbá gbọ́dọ̀ yí ọwọ́ padà níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó kọ̀ ni yóò di ohun tó fẹ́. Mo ti rí i nínú ìwé ọmọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, olùmáàkì kò sì ní mọ̀ pé Yorùbá ló ń bá a jà.

Ohun kékeré kan kí n tó kúrò níbí: ‘I am preferring’ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ìdánwò. Ohun tó wà nínú ọkàn ni, kì í ṣe iṣẹ́ tí à ń ṣe lọ́wọ́.

Nísinsìnyí, ‘would prefer’. Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí èyí, torí ó ti mú omi bọ́ lójú ẹnì kan nínú ẹbí mi.

Tí ènìyàn bá bi yín pé ‘Which do you prefer, tea or coffee?’, ìwà yín ló ń bèèrè: èwo lẹ fẹ́ràn jù ní gbogbo ìgbà? Tí ó bá ní ‘Which would you prefer?’, ife ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń bèèrè ni pé èwo ni kí n bù wá? Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan náà bèèrè méjèèjì. Èmi lè sọ pé ‘I prefer èbà to pounded yam’ kí n sì sọ lọ́jọ́ Sunday pé ‘Today I’d prefer pounded yam’, n kò purọ́ níbì kankan.

‘Would’ yẹn máa ń rọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ibi tó ti ń rọ̀ ọ́ ló ti ń ṣòro. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò tíì pẹ́ níbi iṣẹ́ náà nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un pé, ‘I’d prefer it if you wrote your notes before you left.’ Ohùn rẹ̀ tutù, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á bí ìmọ̀ràn. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, yóò kọ ìwé náà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó bá dé. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀. Ó pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń sunkún. “Àbúrò mi, kò pàṣẹ fún mi o! Ohun tó wù ú ló sọ. Bó bá fẹ́ kí n ṣe é dandan, kí ló dé tí kò sọ?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ó sọ ọ́.”

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo wá rán an létí Bàbá wa. Bí Bàbá bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wo ilẹ̀, tó ní, “Ṣé ilẹ̀ yìí mọ́ báyìí?”, ta ló máa ń dáhùn pé “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ó mọ́”? Kò sí. Ìgbálẹ̀ la máa ń wá. Kì í ṣe pé èdè tiwa kò mọ àṣẹ tó wọ aṣọ ìbéèrè. A mọ̀ ọ́n láti kékeré, a fi í tọ́ wa dàgbà ni. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni pé àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì náà ní aṣọ tirẹ̀, ‘would prefer’ sì ni ọ̀kan nínú wọn. A kọ́ ọ ní ‘to’, a kọ́ ọ ní ‘-ing’, ó gba kirẹ́díìtì, ó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ. Apá yìí ni a kò kọ́ ọ, apá yìí gan-an ló sì fi ń jẹun níbi tó wà. Ó dùn mí, ẹ̀yin ará, torí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí.

Tí ẹ bá ní ọmọ tó ń lọ sókè òkun, ẹ jẹ́ kó mọ èyí: tí ọ̀gá bá ní ‘I’d prefer you to come in at eight’, aago mẹ́jọ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ní ‘I’d prefer not to’, kì í ṣe pé ó ń rò ó, ó ti kọ̀. Kí a má sì ṣe bẹ̀ ẹ́ mọ́. Kí ‘wrote’ tó wà nínú gbólóhùn ọ̀gá yẹn má sì dẹ́rù bà wá. Kì í ṣe ohun tó ti kọjá. Bí ‘ì bá’ tiwa ló ṣe ń ṣiṣẹ́: ‘Ì bá wù mí kí o kọ ọ́.’ Jíjìnnà tó jìnnà sí ohun tó ń sọ ni ọ̀wọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi etí yín ṣe nǹkan kan. Nígbà tí Yorùbá bá yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí Òyìnbó bá ti tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ ni àwa máa ń gbé ohùn òkè sí. ‘Kọ̀ǹpútà’: ‘pú’ ló lọ sókè, torí ‘pu’ ni Òyìnbó tẹ̀. ‘Yunifásítì’: láti ‘fá’ ni òkè ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí Òyìnbó tẹ̀ gan-an. Etí wa mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé olùkọ́ kankan kọ́ wa. Ẹ wá pe ‘prefer’ bí ìgbà tí ẹ bá fẹ́ yá a: ‘prìfáà’. Òkè wà ní ìparí. Ẹ pe ‘preference’: ‘préfúrẹ́ǹsì’. Láti ‘pré’ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni òkè ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, kò dúró de ‘fer’ mọ́. Etí yìí ni yóò kọ́ yín bí ẹ ó ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá tẹ ‘fer’ mọ́lẹ̀, ‘r’ á di méjì kí ‘-ed’ tàbí ‘-ing’ tó wọlé: ‘preferred’, ‘preferring’, ‘referred’, ‘transferred’. Bí ìtẹ̀ bá ti kúrò níbẹ̀, ‘r’ kan ló kù: ‘preference’, ‘preferable’. ‘Offer’ tí wọ́n tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní ju ‘r’ kan lọ láéláé: ‘offered’. Àwọn ọmọ tí èdè wọn kò ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ní láti há èyí sórí. Ẹ̀yin kàn ní láti gbọ́ ọ ni.

Àwọn kan ti bi mí kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo wo ló dọ́gba pẹ̀lú ‘prefer’. ‘Yàn’ kọ́. Ọwọ́ ló ń yàn, owó sì máa ń dí ọwọ́ lọ́nà. Mo lè fi iyán ṣáájú nínú ọkàn mi kí n sì jẹ ẹ̀bà torí iṣu wọ́n lọ́jà. Gẹ̀ẹ́sì mọ ìyàtọ̀ yẹn: ‘I prefer pounded yam, but I chose èbà.’ Tèmi ni pé ààyò ló sún mọ́ ọn jù. Ẹ rántí ilé olórogún àtijọ́. Ìyálé ló wà níwájú ní ipò. Òun ni àwọn ìyàwó yòókù ń bẹ̀rẹ̀ fún, ó sì lè pẹ́ tí baálé ti wọ yàrá rẹ̀ kẹ́yìn. Ààyò lè jẹ́ ìyàwó kẹta tàbí ẹ̀kẹrin, síbẹ̀ òun ló wà níwájú nínú ọkàn. Gbogbo ilé ló mọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ ọ́ jáde. Yorùbá ya iwájú méjèèjì sọ́tọ̀, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. ‘Prefer’ bẹ̀rẹ̀ ní ipò ìyálé, ní ti àlùfáà tí wọ́n gbé ga àti ẹ̀sùn tí wọ́n gbé síwájú adájọ́, ó wá rìn díẹ̀díẹ̀ dé yàrá ààyò. Tí ó bá jẹ́ èmi ló ń túmọ̀ ohun tó wà lórí fóònù, ààyò ni màá fi sí ibi tí wọ́n kọ ‘Preferences’ sí.

Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ ká jọ túmọ̀ òwe kan. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìn: ‘Death is better than shame.’ Ó tọ́, mà, ẹ ṣeun. Ta ló lè fi ‘prefer’ sọ ọ́? Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà níwájú?

‘We prefer death to shame.’

Bẹ́ẹ̀ ni. ‘Ju’ kan ṣoṣo ló wà nínú òwe yẹn. Ó di ‘than’ lẹ́nu màmá wa torí wọ́n lo ‘better’, ó sì di ‘to’ lẹ́nu ọmọ yìí torí ó lo ‘prefer’. Ohun tí ọmọ SS2 yẹn bi mí nìyẹn.